Òkè Mora àti Ogun 1914: Àwọn Ìbéèrè tí Ẹ Máa Ń Bi Mí, Pẹ̀lú Ìdáhùn Wọn

Ní gbogbo oṣù Kìíní, tí ọjọ́ ìrántí àwọn ológun bá ti ń kan ilẹ̀kùn, a máa ń ya ìpàdé kan sọ́tọ̀ fún ìtàn ogun láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé Lugbe ní Àbújá. Mo ti sọ ìtàn òkè Mora níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìbéèrè kan náà ni ó máa ń tẹ̀lé e, àwọn mìíràn á sì tún pè mí lálẹ́ láti bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbí, láti orí èyí tó rọrùn títí dé èyí tó ta kókó.

Ibo gan-an ni Mora wà?

Ìlú kan ni ní ìpẹ̀kun àríwá Kamẹrúùnù, kò sì jìnnà sí ààlà wa rárá. Ẹni tó bá kúrò ní Maiduguri, tó gba Bama dé Banki, tó sọdá sí Limani, ọ̀nà Mora ló mú pọ̀n yẹn. Mora ni olú ìlú ìjọba Mandara, ìjọba Mùsùlùmí tó ti ń bá Borno ṣọ̀rẹ́, tó tún ń bá a jà, tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó mọ ojú ọ̀nà.

Òkè tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yọrí sókè lẹ́bàá ìlú náà. Ó ga ju ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó yí i ká lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,700, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn yí ìdí rẹ̀ ká yóò rìn tó máìlì 30. Ọ̀kan lára àwọn òkè Mandara ni, àwọn òkè yìí náà ló sì na apá wọ Náìjíríà ní agbègbè Gwoza. Bí ẹ bá ti rí òkè Gwoza rí, ẹ ti rí mọ̀lẹ́bí rẹ̀.

Ṣé odi ni àwọn Jámánì mọ sórí rẹ̀?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé ilé bìrìkì gìrìwò kan ló wà níbẹ̀, tó ní ẹnu ọ̀nà onírin. Bárékè Jámánì wà nínú ìlú nísàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí ogun bẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n gun òkè lọ. Òkè fúnra rẹ̀ ni odi. Wọ́n kó òkúta jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, wọ́n gbẹ́ kòtò sí ibi tó ṣeé gbẹ́, wọ́n wá gbé ìbọn arọ̀jò ọta sí ibi tí ojú á ti rí gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà gòkè.

Ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ṣe lábẹ́ Olúmọ náà nìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kí ogun Kírìjì pẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ tó ga kì í bèèrè owó oṣù lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Kí ni Jámánì wá ṣe níbẹ̀?

Ní 1884 ni Jámánì gba Kamẹrúùnù. Ní 1893, òun àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n fa ìlà láti agbègbè Yola lọ dé adágún Chad. Ìlà yìí gba àárín àwọn tó jọ ń ná ọjà kan náà, tí wọ́n jọ ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Kò sí ọba kankan níbẹ̀ tí wọ́n bi léèrè. Láti ìgbà náà ni Mora ti di ìlú ẹnu ààlà.

Báwo ni ogun ilẹ̀ Yúróòpù ṣe rìn dé ibẹ̀?

Ìlú Ọba kéde ogun sí Jámánì ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1914. Ẹ rántí pé ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún yẹn gan-an ni Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ọmọ oṣù méje péré ni Náìjíríà nígbà tí wọ́n ní kó lọ jagun.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà wọlé láti ọ̀dọ̀ wa: ọ̀wọ́ kan láti Maiduguri kọjú sí Mora, ọ̀wọ́ kan láti Yola kọjú sí Garua, ìlú kan lẹ́bàá odò Bẹ́núè ní àríwá Kamẹrúùnù, ìkẹta láti agbègbè odò Cross River kọjú sí Nsanakang. Kò sí èyí tó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Garua, ọ̀gágun tó kó wọn lọ, Maclear, kú síbẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ní Nsanakang, Jámánì ya bò wọ́n ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì fọ́n wọn ká. Ní Mora, Kápútéènì Fox dé ní nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, wọ́n gbìyànjú láti fi òru gun òkè, òkè kò gbà.

Àwọn wo ló wà lórí òkè náà?

Kápútéènì Ernst von Raben ni olórí wọn, Kọ́ńpìnnì Kẹta ti ọmọ ogun Jámánì ní Kamẹrúùnù ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò pọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn tó sọ̀kalẹ̀ kò ju bíi 155 lọ, òyìnbó inú wọn kò sì ju ìwọ̀nba. Gbogbo ìyókù, ọmọ Áfíríkà ni wọ́n.

Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé bí ìwé ìtàn bá ti kọ "àwọn Jámánì di òkè mú," ojú òyìnbó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn dúdú ló sùn sí ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn fún ọdún kan àti ààbọ̀.

Ṣé ọmọ Náìjíríà ló bá wọn jà, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ọ̀gá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, sójà jẹ́ tiwa. Ẹ̀ka Náìjíríà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force, tí Lugard bẹ̀rẹ̀ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1897, ló lọ. Àwọn Faransé náà kó sójà dúdú tiwọn wá láti Chad lábẹ́ ọ̀gágun Brisset, wọ́n sì jọ dó ti òkè náà.

Ṣé Yorùbá wà níbẹ̀?

Ó wà dáadáa. Èdè Haúsá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ní bárékè, àwọn ará Àríwá ló sì pọ̀ jù, èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò kàn wá. Ṣùgbọ́n Èkó wà lára orísun ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn, láti ayé Glover, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tó kó àwọn ọmọ Haúsá jọ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì wọ iṣẹ́ náà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Ẹni kan tí mo máa ń dárúkọ ni Belo Akure, ọmọ Yorùbá. Ó di sàjẹ́ǹtì-méjọ̀, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ D.C.M. (Distinguished Conduct Medal) nítorí ìgboyà rẹ̀ nínú ogun Kamẹrúùnù. Ó tún lọ sí ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn náà. Ní Àkúrẹ́ lónìí, ọmọdé mélòó ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí.

Kí ló dé tí wọn kò fi lè gba òkè náà?

Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Omi wà lórí òkè Mora, àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì ní láti sọ̀kalẹ̀ wá bu omi lójú ìbọn. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ ni òùngbẹ wà fún. Ìlú tí ogun bá dó tì, bí kò bá ní kànga, ọjọ́ mélòó kan ló kù fún un. Bó bá ní, ó di ọ̀rọ̀ oṣù.

Ìkejì ni bí òkè ṣe tóbi tó. Máìlì 30 yíká! Sójà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní kò tó láti fi èèyàn sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìdótì tí à ń wí yìí, agbọ̀n ni, ó ní ihò. Àwọn tó wà lókè a máa yọ́ sọ̀kalẹ̀ lóru, wọ́n á wá oúnjẹ, wọ́n á padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìkẹta ni òkúta. Ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Borno, mo gun òkè kan nítòsí Gwoza pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Òkúta ibẹ̀ kì í ṣe àpáta ńlá gbalaja bíi tiwa ní Ìdànrè. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan da ẹrù òkúta sílẹ̀ láti ọ̀run, ńlá lórí kékeré, kékeré lórí ńlá. Gbogbo ibi tí mo bá tẹ̀ ló ń mì. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gòkè, bàtà mi sì ń yọ̀. Àárín méjì òkúta kọ̀ọ̀kan tó èèyàn kan sá pamọ́ sí. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo wá bi ara mi pé: ọwọ́ wo ni sójà máa fi di ìbọn mú níbí? Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ lórí ìdí tí Mora fi pẹ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1915?

Ọ̀gágun Cunliffe, tó jẹ́ olórí ọmọ ogun Náìjíríà, kọ́kọ́ kọjú sí Garua. Wọ́n gbé àgbá ọkọ̀ ogun ojú omi kan àti àgbá ńlá Faransé kan wá, odò ni wọ́n sì gbà gbé wọn dé agbègbè yẹn. Nígbà tí àgbá ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ sójà inú odi Garua, àwọn mìíràn bẹ́ sódò Bẹ́núè, omi sì gbé wọn lọ. Odi náà túúbá ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1915.

Cunliffe wá yíjú sí Mora, ó dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀melòó kan ni wọ́n gbìyànjú, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ọmọ Náìjíríà gun òkè débi tó sún mọ́ òkúta àwọn Jámánì gbáà. Ibẹ̀ ni wọ́n há sí. Ìbọn ń sọ̀rọ̀ lókè wọn, omi kò sí, ìrànlọ́wọ́ kò lè dé. Wọ́n ní láti padà sẹ́yìn. Kápútéènì Pike wà lára àwọn tó kú nínú ìgbìyànjú ọ̀hún. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ti àwọn sójà tó kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò rọrùn láti rí.

Kí ni iṣẹ́ àwọn alárùù nínú ogun yìí?

Àwọn ló gbé ogun náà. Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàpèjúwe, bó ṣe rí gan-an ni mo sọ. Mọ́tò kò sí lọ́nà yẹn, rélùwéè kò sì dé Maiduguri títí di 1964. Gbogbo ohun tí sójà jẹ, gbogbo ọta tó yìn, gbogbo àgọ́ tó sùn sí, orí ènìyàn ló gbé e.

Ẹrù alárùù kan máa ń tó nǹkan bíi póùn 60, ìyẹn kílò 27. Ẹ lọ gbé àpò sìmẹ́ńtì kan, ẹ da ìlàjì rẹ̀ nù, ẹ gbé ìyókù lé òṣùká, kí ẹ máa rìn láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Ọ̀la ńkọ́? Òun náà nìyẹn. Àgbá kékeré tí wọ́n ń lò lórí òkè, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 2.95, ṣeé tú palẹ̀: ọ̀pá rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tó lágbára jù ni wọ́n máa ń yàn láti gbé e, wọ́n á gbé e sórí gun ibi tí ẹni tí kò gbé nǹkan kan ń fi ọwọ́ méjèèjì gùn. Tí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á tò ó padà, sójà á yìn ín. Ẹni tó yìn ín ló máa ń gba oríyìn.

Àwọn kan wọ iṣẹ́ náà nítorí owó, àwọn mìíràn, ọba tàbí baálẹ̀ wọn ni wọ́n ní kó mú èèyàn wá. Ebi, ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù orí òkè pa nínú wọn. Wọn kò ní ìbọn lọ́wọ́, nítorí náà, ojú ogun kò ka ikú wọn sí ikú ogun.

Ṣé òkè Mora nìkan ni wọ́n jà lé lórí?

Banyo náà wà, ní gúúsù. Jámánì ti kó màlúù, ọkà àti omi pamọ́ sórí òkè ibẹ̀, wọ́n sì ti to òkúta sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi tí sójà lè ba sí. Cunliffe kọlù ú ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 1915. Kùrukùru bo òkè náà mọ́lẹ̀, òjò ń rọ̀, ẹni tó wà lókè kò rí ẹni tó ń rá pálá bọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n gùn ún láti òkúta sí òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 6, àsíá funfun ló wà lókè. Ọ̀gá tó di ibẹ̀ mú, Schipper, ti kú ní òru nígbà tó fẹ́ sá jáde.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí Banyo fi ṣubú ní ọjọ́ mẹ́ta, tí Mora kò sì ṣubú. Èmi rò pé kùrukùru wà lára rẹ̀. Àgbá àti èèyàn tí Cunliffe ní sì pọ̀ ju ti àwọn tó kọ́kọ́ dó ti Mora ní 1914 lọ fíìfíì.

Báwo ni ti Mora ṣe wá parí?

Lẹ́tà ló parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1916, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Yaoundé. Gómìnà Jámánì àti ọmọ ogun rẹ̀ sọdá sí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Sípéènì ní gúúsù. Kò sí Kamẹrúùnù Jámánì mọ́, òkè kan ṣoṣo ló kù. Cunliffe wá kọ̀wé sí von Raben: àwọn sójà dúdú rẹ̀ yóò máa lọ sílé wọn lómìnira, àwọn òyìnbó yóò lọ sí àhámọ́ ní Ìlú Ọba.

Von Raben gbà. Ó tún bèèrè póùn 2,000 láti fi san owó oṣù tí òun jẹ àwọn sójà òun, Cunliffe sì gbà láti san án. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1916 ni wọ́n túúbá. Mora ni ibi tó kẹ́yìn ní gbogbo Kamẹrúùnù.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, póùn 2,000 yìí ni mo máa ń rò jù. Àwọn ọkùnrin yẹn ti fi oṣù méjìdínlógún jẹ ohun tí wọ́n bá rí, láìgba owó, fún ìjọba kan tí kò sí mọ́. Ọ̀gá wọn mọ̀ pé gbèsè ni. Mo yìn ín fún ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ohun tí mo fẹ́ yìn nínú ohun tó gbé e dé ilẹ̀ wa.

Nígbà náà, ta ló ṣẹ́gun?

Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni. Bí ẹ bá wo òkè, ẹnikẹ́ni kò fi agbára gbà á. Ohun méjèèjì ló jẹ́ òótọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan pa ìkejì rẹ́ fún yín.

Ṣé àwọn dúdú tó jà fún Jámánì jẹ́ ọ̀dàlẹ̀?

Ìbéèrè yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé wa. Èrò tèmi ni pé rárá. Ta ni wọ́n dà? Ìlà tí wọ́n fà ní 1893 ló pinnu ẹni tí ó máa wọ aṣọ Jámánì àti ẹni tí ó máa wọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n lè wà ní Mora, kí àbúrò wà ní Bama.

Ẹ wo Chari Maigumeri. Jámánì ló kọ́kọ́ jà fún ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Iron Cross. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Náìjíríà, ó di sàjẹ́ǹtì-méjọ̀ níbẹ̀. Nígbà ogun Hitler, ó jà ní Etiópíà, wọ́n fún un ní Military Medal, ó sì tún dé Burma. Jámánì àti ọ̀tá Jámánì, àwọn méjèèjì ló fi àmì-ẹ̀yẹ sí àyà ọkùnrin kan ṣoṣo. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Sójà ni.

Àwọn ará òkè àti ará ìlú ńkọ́?

Àwọn ni ogun náà jẹ ní oko. Ọmọ ogun tó wà lókè ń jẹun, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń jẹun, ọkà bàbà tí wọ́n sì ń jẹ, ẹnìkan ló gbìn ín. Nígbà tí mo wà nítòsí Gwoza, mo rí bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe to òkúta ní ipele-ipele láti ìdí òkè títí dé orí, kí òjò má baà gbá erùpẹ̀ lọ. Ìlà ọkà kan, ìlà òkúta kan. Iṣẹ́ ìran bàbá sí ọmọ ni. Èmi ò lè ka ọ̀rọ̀ ìjà lórí àwọn òkè Mandara kí n má rántí òkúta wọ̀nyẹn.

Kí ló dé tí Gwoza fi wà ní Náìjíríà, tí Mora wà ní Kamẹrúùnù?

Lẹ́yìn ogun, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Kamẹrúùnù láàárín ara wọn. Faransé mú èyí tó pọ̀ jù, Mora sì wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ààlà, Gwoza, Dikwa àti Mubi wà níbẹ̀. Ní 1922, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ìgbà náà, League of Nations, fọwọ́ sí i.

Ní 1959, wọ́n bi àwọn ará apá àríwá ilẹ̀ náà bóyá wọ́n fẹ́ bá Náìjíríà lọ, wọ́n ní kò tíì yá. Wọ́n tún dìbò ní oṣù Kejì 1961, wọ́n gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1961 ni wọ́n di ara Náìjíríà, wọ́n sì pe agbègbè náà ní Sardauna Province. Nítorí náà, àwọn arákùnrin wa láti Mubi tó ń sọ pé bàbá bàbá àwọn gbé lábẹ́ Jámánì rí, òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ṣé àwọn òkè yìí náà ni Boko Haram sá sí?

Àwọn òkè Mandara kan náà ni. Boko Haram gba Gwoza ní oṣù Kẹjọ 2014, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé sí oṣù tí von Raben gun òkè Mora. Àwọn ológun wa gbà á padà ní oṣù Kẹta 2015. Mora fúnra rẹ̀ sì ni orí ibùdó ẹ̀ka kìíní nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjùmọ̀ní tí Náìjíríà, Kamẹrúùnù, Chad, Niger àti Benin jọ dá sílẹ̀.

Ẹ má sọ pé èpè wà lórí òkè náà, bí arákùnrin kan ṣe sọ ní ọdún tó kọjá. Ihò òkúta, omi àti ààlà tó wà ní ìtòsí, ohun tí ẹni tó ń sá pamọ́ ń wá ní 1914 náà ni ẹni tó ń sá pamọ́ ń wá lónìí.

Ṣé a lè lọ wò ó?

Ní báyìí, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ. Ọ̀nà Banki kò tíì dà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Àbújá tó fẹ́ ṣe ìrántí, ibojì àwọn ológun wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú.

Wọ́n ní bàbá ńlá mi lọ sí "ogun Kamẹrúùnù". Báwo ni mo ṣe lè rí orúkọ rẹ̀?

Bó bá jẹ́ sójà tó kú síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì Commonwealth War Graves Commission, àwọn tó ń bójú tó ibojì ogun; ọ̀fẹ́ ni. Bó bá padà wálé, ilé ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn àti Kaduna ni kí ẹ lọ. Ẹ fi sùúrù lọ o, ọjọ́ kan kò tó.

Bó bá jẹ́ alárùù, ọ̀rọ̀ le. Ní 2021, àjọ ibojì yẹn fúnra wọn gbé ìròyìn jáde pé àwọn tí wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí fún rárá, kò dín ní 116,000, ó sì lè tó 350,000. Ọmọ Áfíríkà àti Lárúbáwá ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun kan tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni orúkọ bàbá. Ẹ má fi orúkọ ìdílé yín wá a. Ọmọ ogun ìgbà náà máa ń fi ìlú ẹni ṣe orúkọ kejì, bí Belo ṣe di Belo Akure. Lawani ọmọ Adéníyì láti Ògbómọ̀ṣọ́ lè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Lawani Ogbomosho. Akọ̀wé tó kọ ọ́ kò sì gbọ́ Yorùbá. Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà ṣi orúkọ ìlú yín kọ sórí ìwé kan kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì bi àgbà tó kù nínú ẹbí bóyá ó rántí orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pè é nígbà tó dé.